Ẹni Kẹta Inú Ìwé Mọ́tò

Bí ẹ bá dúró ní Ìjàyè, lẹ́bàá títì tó ti Mọ́níyà lọ sí Ìsẹ́yìn, ẹ ó rí mọ́tò tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Èwo nínú wọn ló ní ìwé ìnṣọ́ránsì tòótọ́?

Ọdún 1945 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin yìí níbí. April 1950 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn kò tíì pé ọdún méjì. Thaadi-pati ni wọ́n pè é, ẹni kẹta. Ọlọ́kọ̀ ni ẹni kìíní, iléeṣẹ́ adójútòfò ni ìkejì. Ìyá tó ru ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà, tí mọ́tò kọlù, òun ni ìkẹta. Torí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣòfin.

Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì máa ń san ju bàbá rẹ̀ lọ fíìfíì, torí ewu rẹ̀ pọ̀. Níbí, wọn kì í wo ojú awakọ̀. Láti January 2023, 5,000 náírà ti di 15,000 fún ọkọ̀ àdáni, ì báà jẹ́ ọmọ UI tó kọ́ mọ́tò lánàá ló ń wà á.

Ìyẹn ò dùn mí. Ìwé ayédèrú ló ń dùn mí. Èmi náà ti gbé irú ẹ̀ kiri rí láìmọ̀. Bí mo bá kọlu ìyá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ lọ́dún náà ńkọ́? Ta ni ì bá san owó ọsibítù?

Láti February 2025 ni ọlọ́pàá ti ń yẹ ìwé náà wò. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ṣeé yẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ bá mi sọ fún ìyá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́.