Àgbà Ọjà àti Ọ̀gá Ilé-Ìwé: Àlàyé lórí Màgòmágó Ìdánwò ní Ìgbèríko

“Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.” Òwe yìí yéni dáadáa bí a bá rántí bí obìnrin ṣe ń pọn ọmọ nájà: iwájú ni ojú ìyá wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ wà, nítorí náà bí oorun bá gbé ọmọ lọ tí orí rẹ̀ sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyá tí ó bí i gan-an ni kò lè rí i. Àgbà tí ó wà nítòsí ni ó rí i, ojúṣe rẹ̀ sì ni láti pe ìyá tàbí láti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé orí náà sókè. Òwe náà kò dá ọmọ lẹ́bi, nítorí ọrùn rẹ̀ kò tíì gbó. Ẹni tí ó rí ni ó di ẹrù náà rù.

Ní ilé-ìwé gírámà ìgbèríko, ọ̀gá ilé-ìwé, tí àwọn ará abúlé ń pè ní pirinsípà, ni àgbà ọjà yìí, nítorí pé òun ni ó ń rí ọmọ nígbà tí òbí wà lóko. Pípẹ́ lẹ́yìn, ìjà àti sísá kúrò ní ilé-ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro fún un, nítorí pé bí ó bá ránṣẹ́ pe òbí, ohùn wọn yóò ṣọ̀kan. Ohun tí ó ń dán an wò ni màgòmágó ìdánwò, ìyẹn gbogbo ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba máàkì tí kò ṣiṣẹ́ fún, yálà nípa kíkó ìwé pélébé wọ gbọ̀ngán tàbí nípa gbígba ìdáhùn lórí fóònù, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní expo. Nínú ọ̀ràn yìí, àwọn tí ó yẹ kí ó bá a gbé orí ọmọ sókè ni ó sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀.

Àrùn náà ti pẹ́. Ní 1977, ìbéèrè ìdánwò àṣekágbá gírámà tí àjọ WAEC ń ṣe jáde síta débi pé ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, nígbà tí ó sì di 1984, ìjọba ológun Muhammadu Buhari ṣe òfin tí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 halẹ̀ mọ́ ẹni tí ó bá jẹ̀bi. Síbẹ̀, “miracle centre” gbilẹ̀, ìyẹn ilé-ìwé tí òbí ti ń san owó ju iye tí ó tọ́ lọ kí wọ́n lè kọ ìdáhùn sójú pátákó fún ọmọ wọn. Abúlé rọ irú òwò bẹ́ẹ̀ lọ́rùn: ọ̀nà jìn, alábòójútó kì í tètè dé, a sì máa ń gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó yọ. Ìdí mìíràn wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wọ̀nyí ni àwọn ará ìlú fi ilẹ̀ àti agbára wọn ràn lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ń ṣàkóso sọ ẹ̀kọ́ gírámà di ọ̀fẹ́ lẹ́yìn 1979, nítorí náà èsì búburú máa ń dà bí ìtìjú gbogbo ìlú, pàápàá níbi tí ìjọba kò ti fún ọmọ ní olùkọ́ físíìsì, tí ó sì ní kí ó ṣe ìdánwò rẹ̀. Ẹjọ́ ìjọba ni èyí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí tí a rà kò kọ́ ọmọ ní físíìsì.

Òfin ọdún 1999 tí ó rọ́pò ti àtijọ́ sún mọ́ èrò òwe yìí: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lè san owó ìtanràn ₦100,000 dípò ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ọdún 4 ni ti ọ̀gá ilé-ìwé tàbí olùkọ́ tí ó bá jẹ̀bi, láìsí àyè owó ìtanràn. Nítorí náà, kì í ṣe àárọ̀ ìdánwò ni ó yẹ kí ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ ìbáwí. Kí ó pe ìpàdé òbí àti olùkọ́ níṣojú baálẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà ní kíláàsì SS1, kí ó ka òfin náà sí wọn létí, kí ó kọ̀ láti forúkọ àjèjì tí kò kàwé níbẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò ní SS3, kí ó sì bèèrè fún agùnbánirọ̀ tí yóò kọ́ wọn ní físíìsì àti ìṣirò.

Àmọ́ àlejò ni ọ̀gá ilé-ìwé láàrin ìlú, ìwé kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́lá ìlú sì lè gbé e lọ sí ibòmíràn. Ẹ̀yin baálẹ̀ àti ẹ̀yin òbí, bí ọ̀gá kan bá kọ̀ láti ta ìdáhùn fún àwọn ọmọ yín, ẹ má ṣe kọ ìwé náà.