Fáàfù Kékeré Abẹ́ Ìjàpá: Ìmọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Bá Àwọn Àgbà Mẹkáníìkì Lọ

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ irin kékeré kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ rí, èyí tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá. Fáàfù tó ń ṣàkóso agbára ọ́ìlì ni. Bí ó bá há, ẹ́ńjìnnì wà nínú ewu. Bí ẹni tó fẹ́ yọ ọ́ kò bá mọ ọ̀nà rẹ̀, ìbàjẹ́ ìkẹyìn lè ju ti ìṣáájú lọ. Bí ìmọ̀ yíyọ rẹ̀ ṣe dé ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì wa, àti bí ó ṣe ń fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, jẹ́ apá kan nínú ìtàn Èkó tí a kì í sábà sọ.

Ẹni tó bá dúró ní Kírìkírì, àárín ìtàn yìí gan-an ló dúró sí. Apá kan rẹ̀ ni Ajégúnlẹ̀ àti èbúté Àpápá wà. Ní apá kejì, ọ̀nà márosẹ̀ Àgbádárìgì gba Mile 2 kọjá lọ sí Ọ̀jọ́. Ní Ọ̀jọ́ yìí ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1975. Ṣáájú àkókò náà, odindi ọkọ̀ ni wọ́n ń kó wá nínú ọkọ̀ ojú omi, ilé-iṣẹ́ Mandilas sì wà lára àwọn tó ń tà á. Láti ọdún 1975, ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló ń dé nínú àpótí, púpọ̀ nínú wọn láti ilẹ̀ Brazil, tí àwọn òṣìṣẹ́ wa sì ń tò ó di Ìjàpá, àti di Igala, èyí tí àwọn ará Brazil mọ̀ sí Brasília.

Owó epo rọ̀bì ló gbòde nígbà náà. Ní ọdún 1975 kan náà, ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì dí èbúté Èkó pa, ìjọba sì kọ́ èbúté Tin Can sí ẹ̀gbẹ́ Kírìkírì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1977. Ní ojú títì, Ìjàpá di ọkọ̀ olùkọ́, ti nọ́ọ̀sì àti ti akọ̀wé ìjọba. Àbúrò rẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀sì Kombi, di danfo. Ẹ́ńjìnnì irú kan náà ló wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì, nítorí náà ẹni tó bá mọ ti ọ̀kan mọ ti èkejì.

Ẹ́ńjìnnì náà kò ní rédíétọ̀, kò sì mu omi. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ló ń tù ú lára. Ọ́ìlì tó ń gbé kò ju nǹkan bíi lítà 2.5 lọ, kò sì ní ohun tó ń sẹ́ ẹ ju asẹ́ onírin lọ. Ibí yìí ni iṣẹ́ fáàfù wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ọ́ìlì tutù tó sì nípọn, agbára rẹ̀ máa ń ti písítínì kékeré inú fáàfù wálẹ̀, kí ọ́ìlì lè lọ tààrà sí àwọn béríǹgì láìgba inú kúlà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tí ọ́ìlì sì ṣàn, sípíríǹgì yóò ti písítínì náà padà sókè, ọ́ìlì yóò sì gba inú kúlà kọjá kí ara rẹ̀ lè tutù.

Bí písítínì bá há sí òkè, gbogbo agbára ọ́ìlì òwúrọ̀ yóò dà lu kúlà, kúlà yóò sì máa jò. Bí ó bá há sí ìsàlẹ̀, ọ́ìlì kò ní tutù mọ́, iná ọ́ìlì yóò máa ṣẹ́jú ní dáṣíbọ́ọ̀dù, béríǹgì yóò sì jẹ. Ọ́ìlì tí a kò pààrọ̀ lásìkò àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ ló sábà máa ń fa híhá yìí.

Ìgbà ọ̀wọ́n ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀ràn ńlá. Ní ọdún 1982, ìjọba Shehu Shagari fún ọrọ̀ ajé ní bẹ́líìtì, àṣẹ àtikó ọjà wọlé sì ṣòro láti rí. Ní ọdún 1986, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a ń pè ní SAP dé, náírà sì já wálẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó gbójú lé àpótí láti òkè òkun kò lè dúró déédéé mọ́. Tòkunbọ̀ gba ojú títì. Àmọ́ Ìjàpá àti danfo ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, àwọn mẹkáníìkì abẹ́ igi ní Ajégúnlẹ̀, Kírìkírì àti káàkiri Èkó ló sì gbà wọ́n là. Ẹni tí kò lè ra ẹ́ńjìnnì mìíràn gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń tọ́jú èyí tó wà nílẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ ọ́ nìyí. Fáàfù náà wà ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, nítòsí ibi tí fáńbẹ́ẹ̀lì ti ń yí. Àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí ọdún 1970 ní èkejì ní iwájú rẹ̀. Wọn yóò wá síkúrúdíráfà tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ojú ìdérí náà, wọn yóò sì fi jákì tì í láti ìsàlẹ̀ kí ó má baà yọ̀. Bí ìdérí àti sípíríǹgì bá ti jáde, písítínì yẹ kó jábọ́ fúnra rẹ̀. Bí kò bá jábọ́, wọn yóò yọ wáyà iná kí ẹ́ńjìnnì má baà ṣiṣẹ́, wọn yóò gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì fi sítátà yí i díẹ̀, kí agbára ọ́ìlì lè tì í jáde. Bí ó bá ṣì kọ̀, wọn yóò rọra yí táàpù mìlímítà 10 sí inú ihò písítínì náà, wọn yóò sì fà á wálẹ̀ ní gbọọrọ.

Èèwọ̀ ni òòlù àti irin ṣóńṣó. Magnésíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ṣe ara ẹ́ńjìnnì náà, ó sì rọ̀. Ẹni tó bá ha inú ihò náà ti ba odindi ẹ́ńjìnnì jẹ́ nítorí irin kékeré. Sùúrù ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí, òun sì ni ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá fún ọdún púpọ̀ kó tó gba fíríìdọ́ọ̀mù.

Wọ́n to Ìjàpá ìkẹyìn ní Mẹ́síkò ní oṣù keje ọdún 2003, Kombi ìkẹyìn sì jáde ní Brazil ní ọdún 2013. Àwọn tó mọ ara ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n mọ̀ ni a kò sì kọ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ nìkan ni. Irú fáàfù yìí ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tó ń jáde ní Tin Can lónìí, ó kàn sábà máa ń fara pamọ́ sínú pọ́ǹpù ọ́ìlì ni.

Ó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Èkó pe àwọn àgbà wọ̀nyí wá sí kíláàsì, kí wọ́n san owó fún wọn, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Ọ̀jọ́ ná orílẹ̀-èdè yìí lówó ńlá. Ohun tó pẹ́ jù lọ nínú èrè rẹ̀ kò sí nínú ọgbà náà mọ́. Ọwọ́ àwọn tó wà lábẹ́ igi ló wà. Bí a kò bá tètè gbà á lọ́wọ́ wọn, a ó máa fi òòlù wá ohun tí sùúrù ìbá ti yọ.