Fíìmù mẹ́ta àti ogójì ọdún: James Dean àti Orlando Martins ọmọ Èkó

 

Àwọn àgbà ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n igbá tí a fín tí a sì kó sí àjà, tí a kò gbé jáde kí ọmọ rí i, ta ni yóò mọ ẹni tó fín in? Ìtàn òṣèré méjì tí a fẹ́ sọ yìí dá lórí ìbéèrè náà. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, fíìmù ńlá mẹ́ta péré ni ó ṣe kí ikú tó mú un lọ. Èkejì jẹ́ ọmọ Èkó, ó sì lé ní ogójì ọdún tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti rí ojú ẹni àkọ́kọ́ lára aṣọ àti lára àwòrán ògiri. Orúkọ ẹni kejì, tí í ṣe tiwa, kò tíì dé etí wọn.

Ọmọ Indiana

Ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1931 ni a bí James Dean ní ìlú Marion, ní ìpínlẹ̀ Indiana. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ pa ìyá rẹ̀ ní California. Bàbá rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí arábìnrin rẹ̀ àti ọkọ arábìnrin náà, àwọn àgbẹ̀ tí ń gbé ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Fairmount. Ọ̀dọ̀ wọn ni ó dàgbà sí, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti máa ń fi ọmọ gbé ọ̀dọ̀ ẹbí.

Nígbà tí ó jáde ilé-ìwé girama ní 1949, ó padà sí California, ó wọ yunifásítì, ṣùgbọ́n kò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí ó tó lé eré ṣíṣe lọ sí New York. Ó ṣe eré lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ṣe é lórí ìtàgé. Níbẹ̀ ni Elia Kazan, tí í ṣe olùdarí fíìmù, ti yàn án fún East of Eden. Nínú fíìmù náà, ọmọ kan ń wá ìfẹ́ bàbá rẹ̀ kiri. Ó ṣòwò, ó jèrè, ó di owó náà bí ẹ̀bùn fún bàbá rẹ̀. Bàbá sì kọ̀ ọ́. Bí James Dean ti sunkún níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ayé ìgbà náà gbà pé ọ̀rọ̀ ọkàn àwọn ni ó ń sọ.

East of Eden jáde ní 1955. Òun nìkan ni ó jáde nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tí James Dean wà láàyè. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Porsche rẹ̀ forí sọ ọkọ̀ mìíràn lójú pópó ní ẹ̀bá Cholame ní California. Ọmọ ọdún 24 ni. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, Rebel Without a Cause jáde. Ní 1956, Giant jáde. Ìgbà méjì ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀bùn Oscar lẹ́yìn ikú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba ọ̀kankan.

Ọmọ Èkó

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1899 ni a bí Orlando Martins ní Èkó. Ìdílé bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí ó ní gbòǹgbò ní Brazil, àwọn tí a ń pè ní Àgùdà. Ó lọ sí ilé-ìwé Eko Boys' High School. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó wọṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, nígbà tó sì yá, ó dúró sí London.

Kò sí ẹni tó tẹ́ ẹní dè é níbẹ̀. Ó ṣe aláàárù. Ó ja ìjàkadì lójú agbo, Black Butcher Johnson ni wọ́n sì ń pè é nídìí iṣẹ́ náà. Ó bá àwọn oníjó Diaghilev dúró lórí ìtàgé, ó kọrin nínú eré Show Boat. Láti ìgbà fíìmù tí kò ní ohùn ni ó ti ń fara hàn láàárín èrò. Ní 1935, ó wà nínú Sanders of the River, fíìmù tí Paul Robeson ṣe olórí eré nínú rẹ̀. Ìtàn náà dá lórí Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ó gbé àwọn aláwọ̀ funfun tó ń jọba lé wa lórí ga tó bẹ́ẹ̀ tí Robeson fúnra rẹ̀ fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀ níkẹyìn.

Ní 1946, Orlando Martins ṣe Magole, oníṣègùn búburú, nínú Men of Two Worlds. Ọdún 1949 ni ó ṣe èyí tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá wò, ìyẹn The Hasty Heart, tí Ronald Reagan, ẹni tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà, bá a ṣe. Inú ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Burma ni ìtàn náà wà. Ọmọ ogun Scotland kan fẹ́ kú, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní yàrá mọ̀, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. Nígbà tó gbọ́, ó bínú, ó ní àánú lásán ni wọ́n ń ṣe òun, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Blossom, ọmọ Áfíríkà tí kò gbọ́ Òyìnbó rárá, tí Orlando Martins ṣe. Blossom ti fi ìlẹ̀kẹ̀ ta á lọ́rẹ, ó sì ti kọ̀ ọ́. Ìgbà tí wọ́n jẹ́ kó yé e pé Blossom kò gbọ́ èdè, kò sì lè mọ̀ pé ó fẹ́ kú, ni ó tó gbà pé ọ̀rẹ́ òtítọ́ wà. Ẹni tí wọn kò fún ní ọ̀rọ̀ sọ gan-an ni gbogbo ìtàn náà yí lé lórí. Ojú àti ìdúró rẹ̀ nìkan ni Orlando Martins fi ṣe é.

Ọdún 1955

Ẹ fi ọdún 1955 wọn àwọn méjèèjì. Nígbà tí ọmọ ọdún 24 ń ṣe olórí eré ní Hollywood, ọmọ Èkó tí ó ti pé ẹni ọdún 55 wà nínú fíìmù Simba, tí ó dá lórí ogun Mau Mau ní Kenya. Olórí abúlé ni wọ́n ní kó ṣe. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀bùn. Ní ìgbà èwe Orlando Martins, kò sí ilé-iṣẹ́ fíìmù tí yóò kọ ìtàn nípa ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń bínú sí bàbá rẹ̀, tó ń wá ìfẹ́, tó ń wá ara rẹ̀. Ọba, ìránṣẹ́, babaláwo tàbí aláàárù ni wọ́n ní fún un. Bí James Dean bá jẹ́ ọmọ Èkó, àfàìmọ̀ kí ẹ̀bùn rẹ̀ má parí sí gbígbé ẹrù tẹ̀lé ọdẹ Òyìnbó nínú igbó. Ọ̀nà kékeré tí Orlando Martins àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ là ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá lọ.

Ní 1959, Orlando Martins kópa nínú The Nun's Story pẹ̀lú Audrey Hepburn. Ọdún náà ni ó padà sí Èkó. Ní 1970, ó wà nínú Kongi's Harvest, fíìmù tí a ṣe ní Nàìjíríà láti inú eré Wole Soyinka. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985 ni ó kú ní Èkó, ẹni ọdún 85.

Ta ló ń tọ́jú orúkọ?

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ikú ọ̀dọ́ nìkan ló jẹ́ kí orúkọ James Dean tàn kálẹ̀, kó tún un rò. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òṣèré ló kú tí a kò rántí mọ́. Ilé-iṣẹ́ fíìmù rẹ̀ kò jẹ́ kí àwòrán rẹ̀ kúrò ní ọjà. Àwọn ará Fairmount tọ́jú ohun tó lò sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n sì ń ṣe àjọ̀dún ìrántí rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ìlú kékeré ni, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọmọ wọn. Iṣẹ́ ni ìrántí. Ẹni tó bá ṣe é ló ń jẹ èrè rẹ̀.

Àwa tí a wà níhìn-ín mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ. Nínú àwọn bàbá wa àtijọ́, àwọn kan gba Chad àti Sudan kọjá kí wọ́n tó dé Mẹ́kà, àwọn mìíràn kò sì padà mọ́. Mélòó nínú àwọn ọmọ wọn ló lè dárúkọ ìlú tí wọ́n ti wá àti iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe níhìn-ín? Bí a ti gbàgbé òṣèré, bẹ́ẹ̀ náà ni a ń gbàgbé bàbá.

Ó lé ní ọdún 35 tí kò fi sí ilé sinimá ní Saudi. Fídíò ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń wo fíìmù títí wọ́n fi tún ṣí ilé sinimá ní 2018. Ní báyìí àwọn ọmọ ń rí fíìmù níbi gbogbo, àní lórí fóònù. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, nígbà tí oṣù Kẹsàn-án bá dé, ẹ wá The Hasty Heart, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ, kí ẹ sì fi ìka tọ́ka sí Blossom: ọmọ Èkó ni, Orlando Martins ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ kọ orúkọ bàbá àgbà àti ìyá àgbà yín sílẹ̀, pẹ̀lú ìlú àti iṣẹ́ wọn. Ẹ má jẹ́ kí igbá tí wọ́n fín pẹ́ jù ní àjà.

Ire o.