Owó Ẹyọ, Ọpọ́n Ayò àti Ìṣirò Ọmọdé ní Àkókò Ìsinmi

Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ti ìgbà òjò, ìṣirò wà lára ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ máa ń tètè gbàgbé. Lẹ́sìnnì ni ọ̀pọ̀ òbí mọ̀ sí àtúnṣe rẹ̀. A kò sọ pé lẹ́sìnnì kò dára, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ni àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣe ìṣirò nínú eré àti nínú iṣẹ́ ilé. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti tọpasẹ̀ bí ìṣirò àfọwọ́ṣe náà ti rí láyé owó ẹyọ, bí ó ṣe bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, àti ibi tí a ti lè rí i mú padà. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ èdè gan-an, nítorí inú òǹkà Yorùbá ni ìṣirò náà fara pamọ́ sí.

Adolphus Mann, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S. tí ó gbé ní Ìjàyè kí ogun tó tú ìlú náà ní 1862, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí òǹkà Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1887. Ó ṣàpèjúwe bí a ti ń ka owó ẹyọ. A ó da àpò owó sílẹ̀, ẹni tí yóò kà á yóò kúnlẹ̀ tàbí kí ó jókòó tì í, yóò sì máa fà á ní márùn-ún márùn-ún. Bí ó bá fa márùn-ún nígbà ogún, ọgọ́rùn-ún pé. Yóò tún fa ọgọ́rùn-ún mìíràn, yóò da méjèèjì pọ̀, ó di òkìtì igba. Bí owó bá pọ̀ púpọ̀, a máa ń sín in: ogójì ní okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000.

Mann gbà pé inú owó ẹyọ ni òǹkà wa ti ṣẹ̀. Ní tiwa, a kò lè bá a dé ibẹ̀ tán, nítorí a rò pé àwọn baba wa ti ní láti máa ka iṣu àti ẹran kí owó ẹyọ tó gbòde. Ṣùgbọ́n ó dá wa lójú pé owó ẹyọ ni ó mú kí ìtumọ̀ òǹkà náà hàn sí ojú tèwe-tàgbà. Ọmọ tí ó rí òkìtì ogún tí ẹ̀fà kan ṣẹ́kù kí ó tó kún kò nílò àlàyé lórí ẹ́ẹ̀dógún. Bí òkìtì bá di méjì tí ẹ̀fà kan sì dín, márùndínlógójì náà nìyẹn ní iwájú rẹ̀.

Ìjọba òyìnbó kó ṣílè àti pọ́n-ùn dé. Láti 1912 ni West African Currency Board ti ń bójú tó owó náà. Kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè kan, ogún ṣílè ni pọ́n-ùn. Kò sí ohun tí a ń fà ní márùn-ún márùn-ún mọ́. Òǹkà kò kú, ṣùgbọ́n ó di ohun àkọ́sórí. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, tí náírà kan rọ́pò ṣílè mẹ́wàá, àwọn ìyá ọlọ́jà ṣì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá tuntun ní ṣílè, wọ́n sì ń pe kọ́bọ̀ márùn-ún ní sísì. Ọmọ tí a bá rán níṣẹ́ nígbà náà ní láti máa túmọ̀ owó kan sí òmíràn lójú ọ̀nà. Ìṣirò ńlá ni, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀.

Ní 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti àwọn iṣẹ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ètò náà fi hàn pé èdè wa kò kéré sí iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé nìkan kọ́ ni ọmọ ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọpọ́n ayò wò. Ihò méjìlá ni ó ní, ọmọ mẹ́rin sì ni a ń kó sí ihò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn méjìdínláàádọ́ta. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí ọmọ kó ẹ̀kúrọ́ tàbí òkúta wẹ́wẹ́ jọ ní òkìtì mẹ́ta, ogún ogún. Ọgọ́ta nìyẹn. Kí ó yọ mẹ́wàá kúrò, ó ku àádọ́ta. Kí ó yọ méjì sí i, iye ọmọ ayò ló kù nílẹ̀. Ọmọ náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo palẹ̀: ọgọ́ta dín mẹ́wàá, dín méjì. Nínú eré náà fúnra rẹ̀, ọmọ tí ó bá ń já ọwọ́ ayò láìronú kò ní pẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ nù. Ó gbọ́dọ̀ mọ ihò tí ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí, kí ó sì mọ̀ bí ihò ọ̀tá yóò di méjì tàbí mẹ́ta tí òun yóò fi jẹ ẹ́. Bí odù bá kún ju méjìlá lọ, yóò yí ọpọ́n ká, yóò sì fo ihò tí ó ti gbéra. Ní ìparí, ẹni tí ó jẹ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yóò bi èkejì léèrè iye tirẹ̀. Kí èkejì dáhùn mọ́kànlélógún láì ka ọmọ ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn kan ń fẹ́ kí a sọ òǹkà wa di ẹlẹ́ẹ̀wá pátápátá, wọ́n ní ìyọkúrò rẹ̀ le jù fún ọmọdé. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n a ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka oókan dé ọgọ́rùn-ún bí ẹni ń kọrin, tí ó jẹ́ pé bí a bá dá a dúró lójijì pé kí ó sọ 65, yóò tún padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀rẹ̀. Àìfọwọ́kàn ni a rí níbẹ̀, kì í ṣe líle òǹkà. Àwa tí a ń ṣe ìbéèrè ìdánwò náà lọ́wọ́ sí i, nígbà tí a bá ń béèrè orúkọ iye lásán láì béèrè bí a ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ kìíní ìsinmi, márùndínláàádọ́rin yẹn gan-an tó: òkìtì ogún mẹ́rin, kí ọmọ yọ mẹ́wàá, kí ó tún yọ márùn-ún, kí ó sì pe orúkọ ohun tí ó kù sókè.