Àmì Ojú Odò àti Àwọn Tí Ń Ṣọ́ Ọ

Ẹni tí ó bá dúró ní etí Odò Ọya tí ó sì wo omi bí ó ti tẹ́ lọ rẹrẹ, yóò rò pé kò sí ibi tí ọkọ̀ kò lè gbà kọjá. Kò sí ìgbì bí ti òkun níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú omi kò sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n abẹ́ omi náà ni àpáta wà, ibẹ̀ ni òkìtì iyanrìn wà, ibẹ̀ sì ni ìtì igi wà tí ìkún omi wọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ní ọjọ́ 7 oṣù October, ọdún 1857, ọkọ̀ elééfín kan tí a ń pè ní Dayspring forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì fọ́. Dókítà Baikie ni olórí ìrìn àjò náà. Glover, ẹni tí ó di gómìnà ní Èkó lẹ́yìn náà, wà pẹ̀lú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Samuel Ajàyí Crowther, tí kò tí ì di bíṣọ́ọ̀bù nígbà náà. Wọ́n pàgọ́ sí etí odò, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di ọdún kejì kí ọkọ̀ mìíràn tó dé bá wọn. Ẹsẹ̀ ni Glover fi rìn la ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Èkó kí ó lè rí ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílò.

Ní oṣù June, ọdún 2023, àwọn ènìyàn tí wọ́n ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ wà nínú ọkọ̀ lórí odò kan náà ní agbègbè Pátígi. Ìròyìn tí ó jáde ni pé ọkọ̀ náà kọlu ìtì igi nínú omi, ó sì là. Àwọn tí ó kú lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ó lé ní ọgọ́jọ ọdún tí ó wà láàárín jàǹbá méjèèjì yìí. Àwọn baba wa ní bí ará iwájú bá jìn sí kòtò, ará ẹ̀yìn a kọ́gbọ́n. Òótọ́ ni fún ẹni tí ń rìn lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kòtò ojú odò kì í yanu sílẹ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti jìn sí i: omi a pa dé lórí rẹ̀, ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ní rí ohunkóhun, àfi bí ẹni tí ó rí i bá sọ. Ta ni yóò wá sọ, ta ni yóò sì sọ fún? Orílẹ̀-èdè kan wà tí ó ti ń dáhùn ìbéèrè yìí fún igba ọdún ó lé, tí àkọsílẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wa. Amẹ́ríkà ni, lórí odò ńlá tí à ń pè ní Mississippi àti àwọn odò tí ń ṣàn sínú rẹ̀. Nítorí náà kí a fi Ọya sílẹ̀, kí á lọ síbẹ̀.

Odò burúkú ni Mississippi láti tukọ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé kì í dúró sí ojú kan. Ilé ìmọ́lẹ̀ tí a bá kọ́ sórí àpáta létí òkun lè wà níbẹ̀ fún igba ọdún. Odò yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bèbè rẹ̀ a máa ya wọ inú omi pẹ̀lú igi tí ó wà lórí rẹ̀, iyanrìn a sì máa ṣí láti ìhà kan lọ sí èkejì. Ibi tí ọkọ̀ gbà lọ ní oṣù tí ó kọjá lè di ilẹ̀ gbígbẹ ní oṣù yìí. Ilẹ̀ pàápàá mì tìtì ní agbègbè New Madrid láti oṣù December 1811 títí di oṣù February 1812, ó sì da odò rú níbẹ̀.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó ìmọ̀ odò jọ fún gbogbo ayé kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba rárá. Zadok Cramer ni orúkọ rẹ̀, ó ń ta ìwé, ó sì ń tẹ ìwé ní ìlú Pittsburgh. Ní ọdún 1801 ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé kan tí ó pè ní The Navigator, ìwé tí ń tọ́ ẹni tí ó fẹ́ gba odò Ohio àti Mississippi sọ̀kalẹ̀ sọ́nà. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ti rin odò náà ni ó ti gba ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, bí odò sì ti ń yí padà ni ó ń tún ìwé náà tẹ̀. Ó fún àwọn erékùṣù tí ó wà nísàlẹ̀ ibi tí Ohio ti wọ inú Mississippi ní nọ́ńbà, láti ọ̀kan lọ, kí àlejò lè mọ ibi tí òun dé. Nọ́ńbà wọ̀nyí lẹ̀ mọ́ erékùṣù náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń bá ara wọn jagun ní ọdún 1862, ogun kan tí wọ́n jà níbẹ̀ kò ní orúkọ mìíràn ju ogun Erékùṣù Kẹwàá lọ. Cramer kú ní ọdún 1813, ṣùgbọ́n wọ́n ń tẹ ìwé rẹ̀ títí di ọdún 1824. Ní ọdún 1824 yìí kan náà ni Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wọn yọ dọ́là 75,000 sílẹ̀ fún ìtúnṣe odò méjèèjì náà. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Henry Shreve wá kan ọkọ̀ elééfín kan tí ń fa ìtì igi yọ nínú omi. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí a ti ń yọ ti òní, ni odò ń wọ́ ti ọ̀la bọ̀.

Ní ọdún 1857, ọdún tí Dayspring fọ́ ní Jẹ́bà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ iṣẹ́ atukọ̀ lórí Mississippi lọ́dọ̀ Horace Bixby. Samuel Clemens ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí ayé mọ̀ sí Mark Twain lẹ́yìn náà. Orúkọ kejì yìí pàápàá, igbe àwọn tí ń wọn omi ni: ó túmọ̀ sí pé omi jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ọkọ̀ lè kọjá. Nígbà náà kò sí fìtílà kan ní etí odò. Atukọ̀ ní láti há ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibùsọ̀ sórí, lálọ àti lábọ̀, lọ́sàn-án àti lóru.

Nínú ìwé tí Clemens tẹ̀ jáde ní ọdún 1883 ó sọ nípa ẹgbẹ́ kan tí àwọn atukọ̀ dá sílẹ̀. Àrékérekè ẹgbẹ́ náà yẹ fún àfiyèsí. Wọ́n gbé àpótí sí àwọn èbúté pàtàkì, àpótí tí a tì pa, ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni ó sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí atukọ̀ kan bá gúnlẹ̀, yóò kọ ohun tí ó rí lọ́nà sínú ìwé: bí omi ti jìn tó níbi báyìí, ibi tí iyanrìn ti ṣí, ìtì igi tuntun tí ó hàn. Yóò fi ìwé náà sínú àpótí, yóò sì ka ti àwọn tí ó ti ọ̀nà kejì dé. Nípa báyìí ìròyìn ọmọ ẹgbẹ́ kì í ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ wọn gún iyanrìn, títí àwọn tí ń ṣe ìdánilójú ọkọ̀ fi ní àwọn kò fẹ́ atukọ̀ mìíràn bí kò ṣe ti ẹgbẹ́.

Àwa kò lè ṣàì yìn wọ́n, a kò sì lè yìn wọ́n tán. Wọ́n ti rí i pé ojú kan kò tó odò, pé ojú púpọ̀ tí ń kọ̀wé sí ara wọn ni ó lè ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ti ìmọ̀ náà. Ọkọ̀ tí atukọ̀ rẹ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́, èrò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, àwọn èrò wọ̀nyí kò sì bá ẹnikẹ́ni jà nípa owó oṣù.

Ní ọdún 1874 ìjọba dá sí i. Òfin jáde pé kí àwọn tí ń tọ́jú ilé ìmọ́lẹ̀ òkun máa tọ́jú àmì lórí Mississippi, Ohio àti Missouri pẹ̀lú. Wọn kò kọ́ ilé gogoro sí etí odò. Òpó ni wọ́n rì mọ́ bèbè, wọ́n sì gbé fìtílà kọ́ ọ. Nígbà tí odò bá ṣí, a ó wú òpó, a ó tún un rì síbòmíràn. Ta ni yóò máa nu fìtílà, tí yóò máa bu epo sí i? Àwọn ará etí odò ni: àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà nítòsí, tàbí ìyàwó rẹ̀. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà lóṣooṣù, ọkọ̀ ìjọba ni ó sì ń gbé epo wá fún wọn. Nígbà tí Clemens padà wo odò náà ní ọdún 1882, fìtílà ti wà káàkiri, àwọn tí ń tukọ̀ kò sì nílò idaji ohun tí òun ti há sórí. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, ó sì bàjẹ́ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti olùkọ́ àgbà tí ó rí i pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò há ohunkóhun sórí mọ́.

Ní ọdún 1939 iṣẹ́ ilé ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Coast Guard, àwọn aṣọ́ etíkun. Ọdún yẹn gan-an ni òfin kan dá ẹgbẹ́ àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn sílẹ̀ lábẹ́ wọn. Ní ọdún 1941 a sọ orúkọ ẹgbẹ́ náà ní Coast Guard Auxiliary, orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní. Ará ìlú ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọkọ̀ ti ara wọn, wọn kì í sì gba owó oṣù. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọn ni láti máa yẹ àmì ojú omi wò, kí wọ́n sì fi èyí tí ó ní àbùkù tó Coast Guard létí. Ẹgbẹ́ mìíràn tún wà, United States Power Squadrons, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1914. Láti ọdún 1963 ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí ti ń ran àwọn tí ń ya àwòrán omi lọ́wọ́ láti tún àwòrán náà ṣe. A kò gbọdọ̀ rò pé ènìyàn mímọ́ ni gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ń lọ pẹja, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn tìkára wọn ni yóò tún gba ibẹ̀ kọjá lọ́la. Èyí kò dín ìwúlò wọn kù.

Kí ni ó ń ṣe àmì tí ó fi ní láti ní aṣọ́? Lórí àwọn odò wọ̀nyí, àgbá irin tí ń léfòó ni ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà hàn. Okùn irin ni a fi so ó mọ́ òkúta àdàlù ńlá kan nísàlẹ̀ odò. Pupa wà ní apá òsì ẹni tí ó kọjú sí ìsàlẹ̀ odò, aláwọ̀ ewé sì wà ní apá ọ̀tún rẹ̀. Ẹni tí ń ti òkun gòkè bọ̀ yóò rí pupa ní ọwọ́ ọ̀tún. Pupa a máa ní orí ṣóńṣó, aláwọ̀ ewé a máa ní orí pẹrẹsẹ, kí a lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ ń ṣú. Ọkọ̀ kan a máa ti ọkọ̀ pẹlẹbẹ 15 tí a dì pọ̀ síwájú. Bí wọ́n bá gun orí àgbá náà, okùn lè já. Ìkún omi a máa wọ́ ìdọ̀tí lé e títí yóò fi rì. Yìnyín a máa gbé e lọ. Bí odò bá sì fà, bí ó ti fà ní oṣù October 2022 tí omi lọ sílẹ̀ ní Memphis ju bí a ti kọ ọ́ sílẹ̀ rí lọ, ibi tí àgbá dúró sí lè má jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà mọ́, nígbà tí àgbá fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Èyí ni ó burú jù lójú tiwa. Níbi tí àmì kò bá sí, atukọ̀ a máa rọra. Níbi tí àmì bá wà ní ipò tí kì í ṣe tirẹ̀, ìgboyà ni atukọ̀ yóò fi lọ síbi tí yóò ti ṣòfò.

Ọkọ̀ Coast Guard kò lè wà níbi gbogbo lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ó kọjá lówùúrọ̀ yìí ni ó mọ̀. Ìròyìn rẹ̀ kò sì nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀, kódà akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà létí odò Ọya lè kọ irú rẹ̀ fún olùkọ́ rẹ̀. Orúkọ odò. Ibùsọ̀ tí ó jẹ́, nítorí wọ́n ti ka odò náà ní ibùsọ̀ ní ibùsọ̀, bí wọ́n ti ka ti òkè Mississippi láti ẹnu odò Ohio. Apá òsì ni tàbí apá ọ̀tún, fún ẹni tí ó kọjú sí ìsàlẹ̀ odò. Ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, àti ohun tí a bá níbẹ̀. Ọjọ́ àti wákàtí. Kí a má fi ohun tí a rò kún ohun tí a rí. Nígbà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ Coast Guard, wọn a máa fi rédíò kéde rẹ̀ fún gbogbo ọkọ̀, olówó àti tálákà, láìsí àpótí tàbí kọ́kọ́rọ́. A ó sì kọ ọ́ sínú ìkéde tí ń jáde fún àwọn awakọ̀ ojú omi, títí ọkọ̀ ìjọba yóò fi gbé àgbá mìíràn dé ibẹ̀, tí a ó sì kọ ọ́ pé ó ti padà sí ipò rẹ̀.