Ìbora Oníhò Wínníwínní fún Àyẹ̀wò Májèlé inú Ẹja àti Edé

Ìbora oníhò wínníwínní ni ohun èlò tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń fi bo ara fọ́nrán gíláàsì tín-ín-rín, kí ó lè fa májèlé tí kò tó nǹkan jáde láti inú ẹja, edé àti akàn. Ọ̀rọ̀ náà kan ará òkè bí ó ti kan ará etí òkun. Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ jìnnà sí òkun, síbẹ̀ ẹja yíyan àti edé gbígbẹ kò ṣọ̀wọ́n lórí àtẹ ọjà wọn.

Àwọn èròjà tí à ń pè ní PAH ni a ó mẹ́nu bà níhìn-ín. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà dé inú ẹja. Èkíní ni epo rọ̀bì. Ní ọdún 2020, kànga epo Ororo-1 tú, ó sì gbiná lójú òkun Àwóyè ní Ìlàjẹ. Èkejì, tí ó sún mọ́ ilé jù, ni èéfín: bí ọ̀rá ẹja bá ń kán sórí ẹyín iná, PAH a máa bá èéfín gòkè, a sì lẹ̀ mọ́ awọ ẹja. Ọ̀kan nínú wọn, benzo[a]pyrene, wà lára ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí amúni-ní-àrùn-jẹjẹrẹ. Òdiwọ̀n tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fàyè gbà láti ọdún 2014 jẹ́ máíkírógíráàmù 2 nínú kílógíráàmù ẹja yíyan kan, èyí tí í ṣe gíráàmù 2 péré nínú ẹja tí ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 1,000. Ojú kò lè rí i, ahọ́n kò sì lè mọ̀ ọ́n.

Ní nǹkan bí ọdún 1990 ni Janusz Pawliszyn ti Yunifásítì Waterloo ní Kánádà gbé ọ̀nà abẹ́rẹ́ jáde. Fọ́nrán tí a ti fi ìbora bò wà nínú abẹ́rẹ́. A ó tì í jáde sínú omi ẹja tí a ti lọ̀, tàbí sínú oru orí rẹ̀, májèlé yóò sì wọ inú ìbora náà. Lẹ́yìn èyí, a ó kì í bọ inú ẹ̀rọ gbígbóná tí yóò tú májèlé náà sílẹ̀, tí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀, tí yóò sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìbora ìgbà náà kò ní ihò púpọ̀. Ti òde òní ni MOF, tí a fi irin ṣe oríkèé rẹ̀, tí a sì fi èròjà oníkábọ́ọ̀nù ṣe ọ̀pá tí ó so wọ́n pọ̀, bí afárá oyin. Gíráàmù díẹ̀ nínú MOF-5, tí Omar Yaghi gbé jáde ní ọdún 1999, ní ojú inú tí ó fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù. Òun, Susumu Kitagawa àti Richard Robson ni ó gba ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́mísírì ní ọdún 2025. A lè díwọ̀n ihò náà kí PAH lè wọlé, kí ọ̀rá àti purotéènì tí ó tóbi jù ú lọ sì dúró sí ìta.

Kì í ṣe ohun ìyanu tí kò lábùkù. Omi a máa ba àwọn MOF kan jẹ́, ọ̀rá ẹja a sì máa dí ojú ìbora. Bákan náà, abẹ́rẹ́ náà kò wúlò níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ ńlá, iná ọba àti òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́.

NAFDAC, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, ni ó ń ṣàkóso ààbò oúnjẹ ní Nàìjíríà. Kí ẹni tí ń yan ẹja má ṣe fi ọ̀rá, ike tàbí táyà dá iná. Kí ó lo igi gbígbẹ, kí ó sì fi ohun kan gba ọ̀rá tí ń kán kí ó má baà dé orí iná, gẹ́gẹ́ bí ààrò tí FAO àti ilé ẹ̀kọ́ Thiaroye ní Sẹ̀nẹ̀gà ṣe ti ń ṣe. Kí ẹni tí ó bá ra ẹja tí ó ti dúdú kankan bó awọ rẹ̀ dànù kí ó tó sè é, nítorí ara awọ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú PAH èéfín máa ń wà.