Ilà àti Àpá Lára Ọta: Bí Ìbọn Ṣe Di Ẹlẹ́rìí ní Ilé-Ẹjọ́

Àwọn tí ó ń kọ ìtàn ìbọn sábà máa ń wo ohun tí ìbọn ṣe sí ogun àti sí ìjọba. Ibi tí àpilẹ̀kọ yìí dúró sí wò ó yàtọ̀. Ohun tí ó ń wò ni ohun tí ìbọn ń ṣe sí ọta tí ó gba inú rẹ̀ kọjá, àti bí àmì tí ó fi sílẹ̀ lára ọta náà ṣe di ohun tí ilé-ẹjọ́ lè gbé ìdájọ́ ikú lé lórí. Ìmọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ forensic ballistics ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò tíì pé igba ọdún, ìtàn rẹ̀ kò sì lọ tààrà bí àwọn ìwé ẹ̀kọ́ ṣe máa ń sọ ọ́. Irú àmì méjì ni ó wà lára ọta. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ṣòro láti rí, ẹni tí ó bá sì fi ọ̀kan pe èkejì lè rán aláìṣẹ̀ lọ sí ọ̀run.

Ìyàtọ̀ náà kò lè ṣòkùnkùn sí ẹni tí ó bá mọ ilà ojú. Àbàjà, pélé tàbí gọ̀ǹbọ́ lè sọ ìlú tàbí ìdílé tí ènìyàn ti wá, ṣùgbọ́n kò lè sọ èwo nínú àwọn ọmọ ìdílé náà ni ó dúró síwájú ẹni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyẹn, àpá ni yóò wá: ojú ọgbẹ́ àdá lórí orúnkún, ibi tí iná ti jó ènìyàn lápá, èyí tí kò sí lára ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀. Ọta ìbọn pẹ̀lú ní ilà, ó sì ní àpá.

Ìbọn àtijọ́ kì í kọ ilà fún ọta. Àwọn ará Ṣáínà ti mọ ẹ̀tù ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀rúndún kẹtàlá yóò sì fi parí, wọ́n ti ń lo ìbọn kékeré tí ènìyàn lè gbé lọ́wọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, inú ọ̀pá ìbọn ń dán ni. Ọta òjé roboto tí wọ́n ń tì sí i lẹ́nu kéré díẹ̀ ju ihò náà lọ, nítorí náà ńṣe ni ó ń fò lu ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì kí ó tó jáde. Ní ìparí ọ̀rúndún karùn-ún-dín-lógún ni àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ní ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ poro sínú ọ̀pá ìbọn, poro tí ó ń lọ́ bí okùn láti ìdí dé ẹnu. Ọta tí ó bá gba irú inú bẹ́ẹ̀ jáde yóò máa yí bí òòyì, yóò sì lọ tààrà. Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n kí a tó ki ọta wọ inú irú ìbọn bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ni. Ìdí nìyí tí àwọn ọdẹ fi gbà á ṣáájú àwọn ọmọ-ogun. Ní ọdún 1849 ni ọ̀gágun Faransé kan, Claude-Étienne Minié, ṣe ọta kan tí ìdí rẹ̀ máa ń fẹ̀ nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, tí yóò sì fún mọ́ àwọn poro náà. Láti ìgbà náà lọ ni ìbọn ológun ti di akọlà.

Ẹni tí ó bá fi ojú inú wo oko tí a kọ ebè sí ti rí inú ọ̀pá ìbọn náà. Níbi tí ebè wà nínú ọ̀pá, kòtò ni yóò wà lára ọta. Níbi tí poro wà, òkè ni yóò wà. Iye poro náà, bí ó ti fẹ̀ tó, àti ọwọ́ tí ó ń lọ́ sí, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ìbọn ni ó pinnu rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìbọn ìléwọ́ Colt ní poro mẹ́fà tí ó ń lọ́ sí òsì; ti Smith & Wesson jẹ́ márùn-ún, ọ̀tún ni ó sì ń lọ́ sí. Ilà ìdílé nìyẹn. Àpá yàtọ̀. Irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ poro ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀já irin kékeré lè há sí i lẹ́nu, ìpẹtà lè mú inú ọ̀pá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tà á. Gbogbo èyí ń fi ìhá tíníntínín sára ọta, tó bẹ́ẹ̀ tí ìbọn méjì tí wọ́n ṣe tẹ̀léra lọ́jọ́ kan náà lè má fi àpá kan náà sílẹ̀.

Ìyípadà láti inú dídán sí inú oníporo hàn nínú ìtàn ogun ilẹ̀ Yorùbá. Samuel Johnson kọ ọ́ pé ní Ogun Òwu, nínú àwọn ọdún 1820, àwọn Ìjẹ̀bú ti ní ìbọn nítorí pé wọ́n súnmọ́ etí òkun. Ìbọn ìgbà náà, àti ṣakabùlà tí ó gbalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, inú wọn ń dán. Ṣùgbọ́n ní Ogun Kírìjì, tí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ wáyé ní 1886, àwọn Èkìtìparapọ̀ tí Ògèdèǹgbé ṣáájú fún rí ìbọn tuntun gbà nípasẹ̀ àwọn ọmọ ìlú wọn ní Èkó. Snider, tí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò gbà fún lílò títí di 1866, wà lára wọn. Johnson ní dídún ìbọn náà ni wọ́n fi sọ ogun ọ̀hún ní Kírìjì. Àkíyèsí kan yẹ níbí fún àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀ràn ìbọn ní Nàìjíríà lónìí: ṣakabùlà, tí àwọn alágbẹ̀dẹ ṣì ń rọ, kì í kọ ilà sára ohun tí ó yìn. Ìmọ̀ tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ ìtàn rẹ̀, ìbọn ilé-iṣẹ́ ni ó bí i, ìbọn ilé-iṣẹ́ ni ó sì mọ̀ ọ́n kà jù.

Kí ilà tó wà pàápàá, àpá ti ń jẹ́rìí. Ní 1835, Henry Goddard, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Bow Street ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ wádìí ọ̀ràn kan ní Southampton, níbi tí àgbà ọmọ-ọ̀dọ̀ ilé kan ti sọ pé olè yìnbọn sí òun. Goddard rí kókó kékeré kan lára ọta náà, ó sì rí ihò tí ó bá kókó náà mu nínú ohun-èlò tí ọmọ-ọ̀dọ̀ ọ̀hún fi ń da òjé láti mọ ọta tirẹ̀. Ọkùnrin náà jẹ́wọ́ pé irọ́ ni òun pa. Ní 1863, nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ọta roboto tí wọ́n yọ lára Ọ̀gágun Stonewall Jackson fẹ̀ tó 0.67 íǹṣì. Ìbọn onínú-dídán ni ó ń yin irú rẹ̀, àwọn ọmọ-ogun Jackson fúnra wọn ni wọ́n sì ń lo irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdílé ni ọta yìí sọ, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lyon ní 1889 kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Alexandre Lacassagne, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣègùn òfin, ka poro méje lára ọta tí ó yọ lára òkú kan. Wọ́n rí ìbọn olóporo méje lọ́wọ́ ẹnìkan tí wọ́n fura sí, wọ́n sì dá a lẹ́bi. Àwọn ìwé ìtàn ìmọ̀ náà ń yìn ín gẹ́gẹ́ bí àṣeyọrí àkọ́kọ́. Ìyìn náà pọ̀ jù. Poro méje jẹ́ ilà ìdílé lásán, ìbọn mìíràn tí ó ní poro méje sì lè wà ní Lyon lọ́jọ́ náà.

Ní ìpínlẹ̀ New York ni àṣìṣe irú èyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1915, wọ́n yìnbọn pa àgbẹ̀ arúgbó kan àti obìnrin tí ó ń tọ́jú ilé rẹ̀ ní West Shelby. Alágbàṣe tí ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, Charles Stielow, tí kò mọ̀wé, ni wọ́n mú pẹ̀lú àna rẹ̀. Wọ́n ní ó jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ sí ìwé ìjẹ́wọ́ náà. Ó ní ìbọn ìléwọ́ kan tí ìwọ̀n ihò rẹ̀ jẹ́ .22, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ọta tí ó pa àwọn olóògbé. Ìyẹn kò tó nǹkan, nítorí ìbọn .22 pọ̀ káàkiri àwọn oko Amẹ́ríkà. Ohun tí ó di òkùn mọ́ Stielow lọ́rùn ni ẹ̀rí Albert Hamilton, tí ó ti ń ta oògùn tẹ́lẹ̀ kí ó tó sọ ara rẹ̀ di dókítà àti ògbógi nínú oríṣiríṣi ìmọ̀. Hamilton sọ fún ilé-ẹjọ́ pé òun rí ìhá mẹ́sàn-án lára àwọn ọta náà, pé òun sì rí ohun mẹ́sàn-án tí ó fà wọ́n ní ẹnu ìbọn Stielow, àti pé kò sí ìbọn mìíràn láyé tí ó lè yin ọta wọ̀nyẹn. Àwọn àwòrán tí ó mú wá kò fi ìhá kankan hàn. Àwọn ará ìlú méjìlá tí òfin yàn láti pinnu ẹ̀bi gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó fà á yéni: ọ̀rọ̀ Hamilton ṣe pàtó, ó ní iye, ẹnu rẹ̀ kò sì wárápá. Àpá ni ó ní òun rí, ojú ẹlòmíràn kò sì rí i.

Wọ́n mú Stielow lọ sí ẹ̀wọ̀n Sing Sing láti pa á lórí àga oníná. Nígbà kan, ní 1916, wákàtí ikú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kí àṣẹ ilé-ẹjọ́ tó dé pé kí wọ́n dá a dúró. Àwọn tí ó ṣaápọn fún un, Grace Humiston tí í ṣe agbẹjọ́rò lára wọn, kò jẹ́ kí ọ̀ràn náà kú. Gómìnà Charles Whitman sọ ìdájọ́ ikú di ẹ̀wọ̀n gbére, ó sì yan George Bond láti tún ẹjọ́ náà yẹ̀ wò. Charles Waite ni wọ́n fún un ní olùrànlọ́wọ́. Àwọn wọ̀nyí ṣe ohun tí ó yẹ kí ó ti ṣáájú gbogbo rẹ̀: wọ́n yin ìbọn Stielow, wọ́n sì kó ọta rẹ̀ àti ọta inú òkú fún Max Poser, onímọ̀ awò ní ilé-iṣẹ́ Bausch & Lomb ní Rochester. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, Poser kò rí ìhá mẹ́sàn-án kankan. Ohun tí ó rí burú fún Hamilton ju ìyẹn lọ: lára ọta tí ó pa àwọn olóògbé, àmì ebè kan fẹ̀ kọjá bí ó ti yẹ, àbùkù láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ìbọn náà. Ìbọn Stielow kò ní irú àbùkù bẹ́ẹ̀. Ilà wọn kò tilẹ̀ jọ, áḿbọ̀sìbọ́sí àpá. Ní 1918 ni wọ́n dá Stielow àti àna rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹjọ́ yìí ni ó rán Waite níṣẹ́. Ó rìn káàkiri àwọn ilé-iṣẹ́ ìbọn ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù láti kọ ilà ìdílé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: iye poro, ìwọ̀n rẹ̀, ọwọ́ tí ó ń lọ́ sí. Ní 1925, òun àti Calvin Goddard (ọ̀tọ̀ ni Goddard yìí sí ti 1835), Philip Gravelle àti John Fisher dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní New York fún iṣẹ́ náà. Waite kú ní ọdún kejì. Gravelle ni ó fún wọn ní ohun-èlò tí ó yí iṣẹ́ náà padà: máíkírósíkóòpù méjì tí a fi afárá kan so pọ̀, tí ènìyàn fi lè wo ọta méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìdajì ọ̀kan lápá ọ̀tún, ìdajì èkejì lápá òsì. Bí ìhá ara wọn bá bọ́ sí ojú ìlà kan, ẹni tí ó bá jókòó síbẹ̀ yóò rí i. Èyí gan-an ni oògùn àrùn Hamilton. Ẹlòmíràn lè jókòó sórí àga kan náà, kí ó sì wo ohun tí ògbógi ní òun rí.

Hamilton fúnra rẹ̀ kò tíì lọ sinmi. Ní 1923, àwọn tí ó ń gbèjà Nicola Sacco àti Bartolomeo Vanzetti, tí wọ́n dá lẹ́bi ìpànìyàn ní Massachusetts ní 1921, gbà á sí iṣẹ́. Ó kó Colt tuntun méjì wá sí ilé-ẹjọ́, ó tú wọn pẹ̀lú ti Sacco síwájú Adájọ́ Webster Thayer, ó sì tò wọ́n padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé ọ̀pá tí ó wà lára ìbọn Sacco jẹ́ tuntun. Ọ̀pá tirẹ̀ ti bọ́ sára ọ̀kan nínú àwọn tuntun náà. Adájọ́ ní kí wọ́n dá a padà. Hamilton mọ ohun tí ó ń ṣe, nítorí inú ọ̀pá ni àpá ń gbé, ẹni tí ó bá pààrọ̀ ọ̀pá ti pààrọ̀ ẹlẹ́rìí. Nígbà tí Goddard fi máíkírósíkóòpù Gravelle wo ọta náà ní 1927, ó ní ìbọn Sacco ni ó yin ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n pa Sacco àti Vanzetti ní oṣù Ògún ọdún náà. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní 1961 àti ní 1983 gbe Goddard lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn lórí ẹjọ́ náà kò tán.

Ní ọjọ́ 14, oṣù Èrèlé, ọdún 1929, wọ́n pa ọkùnrin méje ní ibi ìtọ́jú ọkọ̀ kan ní Chicago. Àwọn kan nínú apànìyàn náà wọ aṣọ ọlọ́pàá, ojú ará ìlú sì yí sí àwọn ọlọ́pàá gidi. Wọ́n ránṣẹ́ pe Goddard. Ìkarahun ọta 70 ni wọ́n kó fún un. Abẹ́rẹ́ irin tí ń gún ìdí ọta àti irin tí ń jù ú síta ti fi àpá wọn sára ìkarahun wọ̀nyí, wọ́n sì fi hàn pé ìbọn Thompson méjì ni ó ṣiṣẹ́ náà. Goddard yin àwọn Thompson tí ó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Kò sí èyí tí ó bá wọn mu. Ní oṣù Ọ̀pẹ, wọ́n rí Thompson méjì nínú ilé ọ̀daràn kan, Fred Burke, ní Michigan. Àwọn ni. Síbẹ̀, ikú ọlọ́pàá kan ní Michigan ni wọ́n torí rẹ̀ sọ Burke sẹ́wọ̀n. Kò sí ẹni tí ó gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ lórí àwọn méje ti Chicago.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ògbógi ọta ìbọn ti ń wúwo ní ilé-ẹjọ́. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè bí ó ti ń ṣìnà tó. Ìròyìn tí Akadẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ti Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2009 sọ pé ẹnikẹ́ni kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ tán pé àpá ìbọn kọ̀ọ̀kan dá yàtọ̀, tàbí pé ìbọn kan náà yóò máa fi àpá kan náà sílẹ̀ nígbà gbogbo. Ní 2016, ìgbìmọ̀ tí ń gba Ààrẹ Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí sáyẹ́ǹsì wá ìwádìí tí a gbé kalẹ̀ bí ó ti yẹ láti wọn iye ìgbà tí àwọn ògbógi náà ń ṣì í. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí.